Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, ibo ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí?

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, ojúkojú ni èmi àti oníbàárà máa ń rí ara wa. Ní báyìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí ọjà mi. Ẹnì kan ní Ìlọrin fẹ́ kí n fi aṣọ ránṣẹ́ sí òun, mo sì fẹ́ gbé e sí ọkọ̀ ní Kútọ̀. Ẹlòmíràn wà ní Houston ní Amẹ́ríkà, odindi páálí kan ló ń fẹ́, yóò sì máa tà á lọ́hùn-ún.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: bí mo bá ti gbé ẹrù fún onímọ́tò tàbí fún ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun, tí wọ́n gbowó, tí wọ́n já risíìtì fún mi, ṣé ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn? Àwọn ará ọjà wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Oníbàárà mi ti Ìlọrin ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ọrùn mi ló wà títí yóò fi dé ọwọ́ òun. Ta ló tọ̀nà?

Akọ̀wé Páàkì

Àǹtí, ẹ kú ọjà. Páàkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń kọ orúkọ ẹrù sínú ìwé kí ọkọ̀ tó gbéra. Ti Ìlọrin ni màá sọ, àwọn tó mọ ti òkè òkun yóò sọ tiwọn.

Ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n ń pariwo pé ó sọnù, kò sọnù. Ó wà ní kọ̀rọ̀ páàkì níbì kan, kò sí ẹni tó mọ olówó rẹ̀. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ “Ìyá Ìbejì, Ìlọrin” sára ọ̀rá, òjò pa á lójú ọ̀nà, ó pa rẹ́. Ìyá Ìbejì mélòó ló wà ní Ìlọrin?

Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á ní kíkún, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ méjì bó bá ní méjì, orúkọ àti nọ́ńbà tiyín, àti páàkì tí ẹrù yóò ti sọ̀. Ẹ má kọ Ìlọrin lásán. Inú bébà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi tẹ́ẹ̀pù bò ó kí omi má bà á. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ojú ẹrù tó ju ẹyọ kan lọ, torí bí wọ́n bá to ẹrù, ojú tí ẹ kọ nǹkan sí lè dojú bolẹ̀. Kí ẹ tún fi irú bébà kan náà sínú, lórí aṣọ tó wà lókè pátápátá. Bí ti òde bá ya dànù, ẹni tó bá tú ẹrù yóò rí ti inú.

Ẹ má fi ẹrù sílẹ̀ fún àgbérò kí ẹ máa lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé lọ́la, àgbérò kọ́ ni ẹ máa bi. Ẹ rí dẹ́rẹ́bà fúnra yín, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀ kí ẹ rí i pé ó dún lápò rẹ̀. Ẹ ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ẹrù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e sínú bùútù. Ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ pé nǹkan ẹlẹgẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n á gbé àpò gaàrí lé e.

Ẹ kọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ sórí ẹrù: “A ti san” tàbí “Ẹni tó gbà á ni yóò san.” Ìjà tó pọ̀ jù níbi gbígba ẹrù, orí èyí ló máa ń dá lé. Kí ọkọ̀ tó jáde, ẹ ti fi gbogbo àwòrán yẹn àti nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà ránṣẹ́ sí oníbàárà yín.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlewó

Ìbéèrè “ta ló tọ̀nà” ní ìdáhùn nínú òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Òfin títà ọjà ti ọdún 1893 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sọ di tiwọn, sọ pé bí olùtajà àti oníbàárà bá ti jọ gbà pé kí ọjà gba ọ̀nà ọkọ̀ lọ, bí olùtajà bá ti fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, a ó kà á sí pé ó ti fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ọjà yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wọn kì í ka ìlà tó tẹ̀lé e. Olùtajà gbọ́dọ̀ bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn tó bójú mu, tó bá irú ọjà náà mu. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọjà sọnù tàbí tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, oníbàárà lè yarí pé òun kò gba nǹkan kan. Ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá fi aṣọ olówó ńlá lé dẹ́rẹ́bà tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, láìgba risíìtì, láìsọ ohun tó wà níbẹ̀, oníbàárà Ìlọrin yẹn ni ẹjọ́ yóò gbè. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tí Akọ̀wé Páàkì kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni yóò gbè.

Àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ ṣe ló sì lékè gbogbo ìyẹn. Kí ẹ tó gbowó, ẹ kọ ọ́ sí WhatsApp: “Láti ìgbà tí mo bá ti gbé e fún ọkọ̀, ewu ojú ọ̀nà di tiyín” tàbí “tèmi ni títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín.” Kí oníbàárà dáhùn pé òun gbà. Àwọn oníṣòwò àgbáyé ní irú àdéhùn báyìí lóríṣiríṣi, tí wọ́n ń pè ní Incoterms. Ti ọdún 2020 ni wọ́n ń lò báyìí. Bó bá jẹ́ EXW, oníbàárà ni yóò wá gbé ọjà lọ́dọ̀ yín, gbogbo wàhálà tó kù di tirẹ̀. Bó bá jẹ́ DDP, ẹ̀yin ni ẹ máa san gbogbo rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Houston, títí kan owó ibodè Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ DDP sórí ìwé yín bí ẹ kò bá tíì ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ọjà.

Ọmọ Sàpọ́n

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ ń dẹ́rù ba Àǹtí. Ti Houston yẹn, ẹ kọ “ẹ̀bùn” sí i, ẹ kọ $20, ó parí. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

Ajẹ́ńtì Àpápá

Àbúrò, ẹ̀yin lẹ máa kó Àǹtí sí wàhálà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, ọmọ Kẹ́mta ni mí, Àpápá ni oúnjẹ mi wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ní kí Àǹtí má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tó wà lórí ẹrù ọkọ̀ òfuurufú láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, tí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà sì wà nínú rẹ̀, ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni yóò dáhùn fún òtítọ́ ohun tó kọ sórí ìwé. Bí ohun tó kọ bá mú ìpalára bá ọlọ́kọ̀ tàbí ẹlòmíràn, òun ni yóò san án. Kódà bó bá jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ náà ló bá a kọ ọ́, orúkọ olùfiránṣẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, àyàfi bó bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé tí akọ̀wé wọn kọ fún yín, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Àdéhùn yẹn náà fi ààlà sí ohun tí ọlọ́kọ̀ máa san bí ẹrù bá sọnù. Láti òpin ọdún 2024, ó jẹ́ 26 SDR fún kìlò kan. SDR ni owó ìṣirò tí àjọ IMF ń lò, ó ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Ká ní páálí Àǹtí wọ̀n tó kìlò 11: 286 SDR nìyẹn, kò ju nǹkan bí $400 lọ. Bí aṣọ inú rẹ̀ bá tó $1,500, ìyókù ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tó lè yí i padà ni pé kí olùfiránṣẹ́ sọ iye tí ẹrù tó gan-an nígbà tó ń gbé e kalẹ̀, kó sì san àfikún owó bí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Ẹni tó kọ $20 ńkọ́? Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀.

Ẹ̀bùn gan-an kò tún ní àǹfààní tí àwọn èèyàn rò. Láti 29 Oṣù Kẹjọ 2025, Amẹ́ríkà ti mú àyè ọjà tí kò ju $800 lọ, tó máa ń wọlé láìsan owó ibodè, kúrò. Ọjà títà kì í sì í ṣe ẹ̀bùn, torí ẹ̀yin àti ẹni Houston ti jọ sọ owó lórí fóònù. Owó ibodè náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣáájú, kó má lọ kọ páálí sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ olùfiránṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ yóò padà wá fún owó ìdápadà tàbí owó ìparun rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Mo gbárùkù ti ẹ̀gbọ́n wa lórí èyí. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn tí kò ju £39 lọ nìkan ló lè wọlé láìsan owó orí VAT, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kan, kì í ṣe ọjà.

Ojú ẹni tó ń gbẹrù ni mo fẹ́ fi wò ó. Bí ẹrù bá há sọ́wọ́ aṣọ́bodè tàbí tó dé ní fífọ́, tí mo bá pe ilé iṣẹ́ tó gbé e wá, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kàn sí àwọn. Òun ló bá wọn ṣàdéhùn, owó rẹ̀ ni wọ́n gbà. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Iṣẹ́ yín ni ọlọ́kọ̀ ń jẹ́, Àǹtí. Ó máa ń dùn mí gan-an bí olùtajà nílé bá sọ pé “mo ti fi ránṣẹ́, ẹ lọ bá wọn jà.” Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bá wọn jà. Mi ò tilẹ̀ ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlewó

Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu kan ẹ̀dà ìwé. Àǹtí, ẹ̀dà wéébíìlì, ìyẹn ìwé ẹrù tí wọ́n bá fún yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí owó. Nínú àdéhùn Montreal, títí ẹrù yóò fi dé, tí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, olùfiránṣẹ́ lè ní kí wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n dá a padà, bó bá ti lè san owó tí ìyẹn máa ná wọn. Ẹ̀dà ìwé yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ṣe é.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ìwé tí wọ́n ń pè ní bill of lading ló ṣe pàtàkì jù. Ó sábà máa ń ní ojúlówó mẹ́ta. Ẹni tó bá mú ojúlówó kan wá ni wọn yóò kó ọjà fún. Olùtajà tí wọn kò tíì sanwó fún kì í fi ojúlówó ránṣẹ́. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́ títí owó yóò fi wọlé, tàbí kó fi rán báńkì.

Ohun kan ṣì wà. Ẹ sọ fún oníbàárà yín kó ya fídíò páálí kó tó tú u. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e, tí nǹkan sì bàjẹ́, láàárín ọjọ́ 14 tó gbà á ló gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ó pẹ́ dé ni, ọjọ́ 21. Ẹnu lásán kò tó. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó rí nǹkan gbà.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Kí ni kí n wá kọ sórí ìwé fún ti Houston? “Aṣọ” ni mo máa ń kọ.

Ajẹ́ńtì Àpápá

“Aṣọ” kò tó, Àǹtí. Aṣọ́bodè kò ní mọ̀ bóyá ti òwú ni àbí ti sílíìkì, bóyá wọ́n ti rán an àbí kò tíì di rírán, owó ibodè wọn sì yàtọ̀ síra. Ẹ kọ ọ́ báyìí: aṣọ òwú ìdá ọgọ́rùn-ún, tí a fi ọwọ́ pa láró, tí a kò tíì rán, yáàdì 5 ní ìdì kan, iye ìdì, iye owó ìdì kan, àpapọ̀ owó, ìwọ̀n kìlò, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́ sórí ínfọ́ìsì. Nínú ìwé òǹkà ọjà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní HS, ìpín 52 ni aṣọ òwú tí kò tíì di rírán wà. Bó bá jẹ́ búbà àti ṣòkòtò tí ẹ ti rán, ìpín 62 ni. Bí ẹ bá kó méjèèjì sínú páálí kan, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ wọ́n sí.

Lórí “orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é”, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀, torí mo mọ ohun tó wà ní ọjà wa. Àdìrẹ tí ẹ fọwọ́ dì, tí ẹ rẹ sínú aró ní Ìtòkú tàbí Kẹ́mta, iṣẹ́ ọwọ́ Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti hun aṣọ òwú náà ni aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ń wò. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tí ó ní àwọ̀ àdìrẹ lára, ti Ṣáínà ni, ibi yòówù kí ẹ ti rà á. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ lórí ìwé. Orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá wà lábẹ́ ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀.

Bí òwò yìí bá máa lọ déédéé, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa ọjà sókè òkun, kí báńkì yín sì bá yín ṣe ìwé NXP tí wọ́n fi ń kéde ọjà tó ń lọ sókè òkun. Ohun tí wọ́n fi ń mọ olùtajà sókè òkun nílẹ̀ wa nìyẹn.

Aláró Kẹ́mta

Ẹ kú ìjíròrò. Dídì ẹrù ni èmi fẹ́ sọ. Aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí ẹ tó dì í. Àdìrẹ tí ìka bá ti kàn tó dà bíi pé ó gbẹ, ọ̀rinrin ṣì lè wà níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ léra. Inú ọ̀rá ni yóò ti bu kó tó dé Amẹ́ríkà, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tó máa sanwó fún aṣọ tó bu, torí dídì kò dára ni wọn yóò wí. Ẹ fọ aró tó ṣẹ́ kù kúrò títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sá a sí ibòji, ẹ jẹ́ kó tún sùn mọ́jú nínú ilé kí ẹ tó ká a. Ẹ fi bébà funfun sáàárín aṣọ dúdú àti èyí tó mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí páálí tóbi ju aṣọ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù kíákíá máa ń wọn gígùn, ìbú àti gíga, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìyẹn àti kìlò rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa gbowó lé. Páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 40, kìlò 19.2 ni wọ́n máa kà á sí, bí aṣọ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ kìlò 11. Bí ẹ bá tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ tí gíga rẹ̀ fi di 20, ó di 9.6, kìlò 11 yín gan-an ni ẹ máa sanwó rẹ̀. Èrè ọ̀pọ̀ ìdì aṣọ ti bá afẹ́fẹ́ inú páálí lọ.

Onílàfún Láfẹ́nwá

Àwa tí à ń ta oúnjẹ náà ńkọ́? Wọ́n ń bi mí léèrè láfún láti London.

Ajẹ́ńtì Àpápá

Láfún, ẹ ti mọ bí ó ṣe rí: ìyẹ̀fun funfun ni. Èyí tí kò lákọlé, ṣe ni wọn yóò tú u wò. Ẹ fi sínú ọ̀rá tó nípọn kí ẹ tó fi sínú àpò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ohun tí ẹ fi ṣe é, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ fún títà, ọ̀rọ̀ NAFDAC àti ti àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn ní NAQS wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wádìí bóyá ilẹ̀ tó ń lọ gba irú rẹ̀. Láti 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà síbi ìkẹ́rùsí ni ìyà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀wà ránṣẹ́ ló sì jọ ń jẹ ẹ́.

Bí ọjà yín bá tó kún kọ́ńténà, olùfiránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n kọ́ńténà pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e. Òfin àgbáyé ni láti 1 Oṣù Keje 2016. Àpótí igi tàbí pákó tí ẹ bá sì to ẹrù lé, ó gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15 pé wọ́n ti fi ooru tàbí oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ọmọ Sàpọ́n

Mo ti gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí: bí aládùúgbò bá ní kí Àǹtí bá òun fi nǹkan kékeré sínú páálí náà ńkọ́? Power bank kan, tàbí lọ́fínńdà, tàbí oògùn fún ọmọ rẹ̀.

Ajẹ́ńtì Àpápá

Rárá. Power bank ní bátìrì lithium nínú, lọ́fínńdà máa ń gbiná. Ọkọ̀ òfuurufú kà wọ́n sí ẹrù eléwu, olùfiránṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n wà níbẹ̀, kó dì wọ́n bí òfin ṣe wí. Ti oògùn àti oúnjẹ dídì tí ẹ kò mọ inú rẹ̀ burú jùyẹn lọ. NDLEA ti gbá ọ̀pọ̀ oògùn olóró mú nínú ẹrù tí wọ́n fi oúnjẹ àti aṣọ bò mọ́lẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń wá. Àǹtí, bó jẹ́ ọmọ ìyá yín ló gbé e wá, ẹ ní kó lọ já ìwé tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ó ti yé mi. Màá kọ ọ̀rọ̀ ewu ojú ọ̀nà yẹn sí àwọn méjèèjì lálẹ́ yìí, kí n tó gba owó kankan. Ti Houston, ó di ìgbà tí ó bá dáhùn lórí owó ibodè. Ti Ìlọrin ti gbẹ, mo fẹ́ gbé e wá sí Kútọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Akọ̀wé Páàkì

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀, Àǹtí. Ọkọ̀ tó bá gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì lè dé lálẹ́, wọ́n á ti ti ibi tí wọ́n ń gba ẹrù, ó di Sátidé tàbí Mọ́ńdè kí ẹni yín tó rí i. Ẹ ti kọ bébà yín sílẹ̀ láti ilé, pẹ̀lú bírò tí omi kò lè pa rẹ́.